Ọkọ̀ Wo?

Kí oòrùn tó yọ ní Ọjọ́bọ̀ náà, ìwé pélébé kan wà lórí ẹní ní ilé Mùílì, kò sì sí ẹnìkan nínú ilé tí ó lè kà á. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ti fi iná fìtílà wò ó ní alẹ́ àná, wọ́n sì tún gbé e sí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n rí kò ju àwọn ìlà dúdú tí ó dà bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ lọ. Mùílì, baálé ilé, mọ kéwú díẹ̀. Ó gbé ìwé náà sókè, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó sì sọ pé ìkọ̀wé àwọn Lárúbáwá kọ́ ni. Gbogbo wọn ti mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ọmọ rẹ̀, Àmúdà, ẹni tí wọ́n já ìwé náà fún, jókòó ti ògiri, ó ká ọwọ́ lé orúnkún. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ahunṣọ ni, bí gbogbo ọkùnrin àdúgbò náà, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ní kẹ̀kẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ yìí ni ó ti ń kó aṣọ àwọn ará ilé lọ tà ní Òkèhò, tí ó sì ń dé padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Igun ilé tí kẹ̀kẹ́ máa ń fara tì ṣófo ní òwúrọ̀ yìí. Àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní ilẹ̀. Nígbà tí Àsíátù, ìyàwó Àmúdà, ń gbálẹ̀, ó gbá yí àmì náà ká, kò gbá a kúrò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Àmúdà ń bọ̀ láti Òkèhò. Bí ọ̀nà náà bá ti fẹ́ wọ Ìsẹ́yìn, ìdàgẹ̀rẹ̀ kan wà tí ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé iwájú ilé-ẹjọ́. Kò sí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí kì í gbé ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀, kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ máa gbé òun lọ. Sàlàkọ́, àkódà ilé-ẹjọ́, bọ́ sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú fìlà pupa rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sókè. Kẹ̀kẹ́ kò dúró títí ó fi kọjá rẹ̀ ní ìwọ̀n ogún ìgbésẹ̀. Sàlàkọ́ sáré bá a, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì bi í bóyá Àmúdà nìkan ni kò gbọ́ òfin pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré níwájú ilé-ẹjọ́. Àmúdà rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn pé:

"Ọkọ̀ tèmi wà nílé, Sàlàkọ́. Kò tilẹ̀ sáré lónìí, òwú ló tán."

Àwọn tí ó jókòó lábẹ́ igi ọdán rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi di ìhà mú. Sàlàkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Àmúdà, ó wọlé tọ akọ̀wé lọ, ó sì jáde pẹ̀lú ìwé.

Ní ìlú àwọn ahunṣọ, ọkọ̀ ni igi kékeré tí òwú wà nínú rẹ̀, tí a ń jù láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì bí a bá ń hun aṣọ. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì rìn ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí òyìnbó gùn wá láti Ọ̀yọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mọ́tò ni wọ́n ń pè é. Ohun tí Àmúdà ń gùn, kẹ̀kẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rántí pé ọkọ̀ mìíràn wà láyé, ti orí omi ni yóò rántí, kò sì sí odò ní iwájú ilé-ẹjọ́ Ìsẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n òfin náà, ẹnu Mùílì ni gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ. Akéde ni. Ọdún kejìlélógún nìyí tí ó ti ń gbé agogo kiri láti ilé dé ilé, ohùn rẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìsàn fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó kéde ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Bí ó bá dé iwájú ilé kan, a lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta, a sọ ohun tí wọ́n rán an, kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi dáhùn láti inú ilé pé, "A gbọ́ o." Ìdáhùn yìí ni ẹ̀rí. Ilé tí ó bá ti dáhùn kò tún lè wí pé òun kò gbọ́.

Ní oṣù tí ó kọjá, ó kéde pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré láti ìdí igi ọdán títí dé ẹ̀yìn ilé-ẹjọ́, àti pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sáré yóò jẹ́jọ́. Àwọn ahunṣọ jáde, wọ́n bi í pé, "Ọkọ̀ wo?" Mùílì wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, ó sì bi wọ́n bóyá ọkọ̀ méjì ni wọ́n mọ̀. Ó ṣàlàyé pé ariwo òfì ni ó ń dí àwọn onídàájọ́ létí. Wọ́n dáhùn pé àwọn gbọ́. Ilé mẹ́ta tí ó kọjú sí ilé-ẹjọ́ kó òfì wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ òrùlé tí ń jò, àwọn ọkùnrin wọn sì ń ju ọkọ̀ jẹ́jẹ́ láti ìgbà náà bí ẹni tí ó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Àwáwù, ìyá Àmúdà, kò lè fara da ìwé náà mọ́. Ó jáde, ó sì padà pẹ̀lú Adéwùmí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé ní Ọ̀yọ́ tí ó sì ń bá àwọn oníṣòwò kọ lẹ́tà. Adéwùmí dọ̀bálẹ̀ fún Mùílì, ó gba ìwé, ó fi ojú sáré lé e ní ìgbà méjì kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni wọ́n kọ. Èkíní ni pé Àmúdà ọmọ Mùílì fi ọkọ̀ sá eré àsápajúdé. Èkejì ni pé ó fi àkódà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ènìyàn nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó wá jẹ́jọ́ lónìí, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti kọjá àtàrí.

"Ọkọ̀ wo?" ni Àwáwù bèèrè.

"Kẹ̀kẹ́ náà ni, Ìyá. Ohunkóhun tí ó bá ti ń gbé ènìyàn rìn lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é ní ilé-ẹjọ́."

Ògì bàbà tí Àsíátù gbé kaná ru, ó sì dà sínú iná, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọn kò wo Mùílì; wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo agogo tí ó so kọ́ sí ara ògiri lókè orí rẹ̀. Mùílì ṣí fìlà, ó gbọn ọ́n, ó sì dé e padà.

Adéwùmí, ẹni tí kò mọ ohun tí ó ti ẹnu òun jáde, ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní ti eré sísá kò le, wọ́n lè kìlọ̀ fún un kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ti yẹ̀yẹ́ ni ó le. Láti ìgbà ọ̀tẹ̀ tí àwọn ará ìlú dìde sí ilé-ẹjọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilé-ẹjọ́ kò gba àwàdà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ ọjà kàn yọ ṣùtì sí akọ̀wé ni, oṣù mẹ́ta ni ó lò ní ẹ̀wọ̀n Ọ̀yọ́, ọwọ́ tí ó sì fi ń hun aṣọ kò ṣeé ká mọ́ nígbà tí ó dé. Lẹ́yìn náà ni Adéwùmí yíjú sí Mùílì pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin ni ẹ lè gbà á sílẹ̀, Bàbá. Bí ẹ bá dìde níbẹ̀, tí ẹ sì sọ pé ọkọ̀ aṣọ ni ẹ rò nígbà tí ẹ kéde rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ti parí nìyẹn. Àṣìṣe ni yóò kù. Wọn kì í fi àṣìṣe ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́."

Mùílì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ pé kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ. Adéwùmí ní òun ti jẹun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀, bí a bá lè pè é ní ìjà, nítorí ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń sọ̀rọ̀. Mùílì sọ pé ọmọdé ni Adéwùmí, kò mọ ohun tí ó ń wí. Ó ní ọjọ́ tí akéde bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kéde ohun tí kò yé òun, ọjọ́ náà ni wọn yóò gba agogo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní baba òun ni ó fi agogo náà lé òun lọ́wọ́. Ó ní Àmúdà kì bá má ti dáhùn rárá. Ta ni ó ń bá àkódà ṣe àwàdà? Ó bi wọ́n bóyá òun ni ó ra kẹ̀kẹ́. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i, títí àwọn tí ń kọjá lọ ní ìta fi dẹ ẹsẹ̀, tí wọ́n rò pé ìkéde ni.

Àwáwù gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Òun nìkan ni ó jẹun ní ilé náà ní òwúrọ̀ yẹn, wọ́n sì ń wò ó bí ó ti ń jẹ ẹ́, ẹ̀kọ kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi ku ewé nìkan.

Mọ́rìnọ́lá, oníwàrà tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì, yọjú pẹ̀lú igbá wàrà lórí. Ó kí wọn kú ìrọ́jú. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ogun àkódà. Lẹ́yìn tí ó ti kí tán, kò lọ.

"Bàbá Àmúdà, ẹ má bínú," ni ó wí. "Àwọn tí wọ́n kó òfì lọ sẹ́yìnkùlé ní kí n bá àwọn bèèrè. Wọ́n rí Adéwùmí tí ó jáde níbí. Ṣé kí wọ́n kó òfì wọn jáde ni, àbí kí òjò ṣì máa pa wọ́n?"

Àwáwù ra wàrà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ, kí obìnrin náà lè máa lọ.

Bí ó ti lọ tán, Àsíátù nu ọwọ́ sí ara ìró rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú baba ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé náà, kò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ tí ó ju ìkíni àti ìdáhùn lọ. Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀ pé n kò tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọ yín ni ó fi ń bọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ bí ó ti rí."

Àmúdà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ náà. Ó ní kí wọ́n fi Bàbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Àsíátù kò dìde. Orúnkún rẹ̀ wà ní ilẹ̀ títí Mùílì fi yí ojú padà sí i, tí ó sì wò ó pẹ́.

"Mo gbọ́," ni ó wí.

Àwáwù mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ilé fi ń dá akéde lóhùn ni, akéde fúnra rẹ̀ ni ó sì fi dáhùn. Wọn kò tún bi í léèrè mọ́.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, wọ́n jáde. Mùílì ṣáájú, agogo wà ní abẹ́ apá rẹ̀. Àmúdà tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin méjèèjì wà lẹ́yìn. Ojú ọ̀nà tuntun náà ni wọ́n gbà, ọ̀nà tí ó fẹ̀ tí ó sì mọ́, tí kò sí ọmọ Ìsẹ́yìn kan tí ó lè rìn ín kí ẹ̀yìn má ro ó. Àwọn ni wọ́n là á. Ilé Mùílì ni wọ́n pín ìdàgẹ̀rẹ̀ náà fún, láti ìdí igi ọdán títí dé ilé-ẹjọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko, Àmúdà fi ọkọ́ gé e, Àsíátù fi agbọ̀n kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, ẹnikẹ́ni kò sì fún wọn ní nǹkan kan ju omi lọ. Mùílì ni ó kéde iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ó kéde rẹ̀ dáradára, gbogbo ènìyàn sì gbọ́. Wọ́n gé ìdàgẹ̀rẹ̀ náà kí ó lè dán, kí ohun tí òyìnbó bá gùn lè sọ̀ kalẹ̀ láìsí wàhálà. Ó dán.

Iwájú ilé-ẹjọ́ kún. Ọkùnrin kan láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà níbẹ̀ tí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kò tètè yà fún àkódà. Obìnrin kan láti Ogbooro sọ ẹrù iṣu rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti sinmi. Wọ́n ní ó dí ọ̀nà. Oníkálukú ní ìwé pélébé tirẹ̀ lọ́wọ́, oníkálukú sì di í mú bí ẹni pé yóò jó òun. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ojú wọn bá pàdé, wọn a yà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí wọ́n bá pàdé ní ibi tí kò yẹ kí a ti rí wọn.

Nígbà tí wọ́n pe Àmúdà, àwọn obìnrin kò lè wọlé; wọ́n dúró sí ẹ̀bá fèrèsé. Olóyè tí ó jẹ́ adájọ́ jẹ́ àgbàlagbà tí oorun ń kùn. Akọ̀wé jókòó sí ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà. Sàlàkọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Nígbà tí ó sọ ìdáhùn tí Àmúdà fún un lójú ọ̀nà, ẹnìkan ní ẹ̀yìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó.

Adájọ́ bi Àmúdà bóyá òótọ́ ni. Àmúdà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní òótọ́ ni òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun kò fi ṣe ẹ̀gàn. Ọkọ̀ tí a fi ń hun aṣọ ni òun rò pé òfin ń wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe gbọ́ ọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Akéde dà?" ni adájọ́ bèèrè.

Mùílì bọ́ síwájú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, agogo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí a rán ọ ní iṣẹ́ yìí, ṣé ó yé ọ?"

Akọ̀wé gbé ojú sókè láti inú ìwé. Òun ni ó rán iṣẹ́ náà ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún. Òun náà ni ó bi Mùílì ní ìbéèrè kan náà, Mùílì sì dáhùn láìronú, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dáhùn láti ọdún méjìlélógún.

"Ó yé mi," ni Mùílì wí.

"Ṣé o ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ìlú?"

Eṣinṣin kan rìn yí ẹnu tàdáwà po. Ní ẹ̀bá fèrèsé, Àsíátù di ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ mú. Mùílì wo ọmọ rẹ̀, ó wo akọ̀wé, ó wo fìlà pupa àwọn àkódà tí ó tò lẹ́yìn adájọ́, ó sì wo agogo.

"Mo ṣàlàyé rẹ̀."

"Kí ni o pe ọkọ̀ náà?"

"Mo ní," ni Mùílì wí, ohùn rẹ̀ sì já gaara bí ti ìgbà tí ó bá wà ní ọjà, "mo ní ohunkóhun tí ó bá ti ń gbé ènìyàn rìn lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é ní ilé-ẹjọ́."

Ọ̀rọ̀ Adéwùmí ni, kò yọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àwáwù fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò lọ́wọ́ Àsíátù, ó sì fi bo ojú.

Adájọ́ yíjú sí Àmúdà, ó bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí baba rẹ̀ wí. Àmúdà ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Ẹsẹ̀ baba rẹ̀ nìkan ni ó lè rí, àti ìṣẹ́tí ṣòkòtò tí òun fúnra rẹ̀ hun aṣọ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí," ni Àmúdà dáhùn. "Etí mi ni kò gbọ́."

"Nígbà náà, yẹ̀yẹ́ ni o fi àkódà ṣe."

"Yẹ̀yẹ́ ni."

Adájọ́ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dájọ́. Ó ní Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí Àmúdà lọ, ṣùgbọ́n nítorí baba rẹ̀ tí ó jẹ́ olóòótọ́, tí kò gbè sẹ́yìn ọmọ, ilé-ẹjọ́ yóò ṣàánú. Yóò sùn ní túbú ìlú fún ogún ọjọ́, yóò sì máa gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ìdí igi ọdán títí dé ilé-ẹjọ́. Kẹ̀kẹ́ ti di ti ilé-ẹjọ́. Bí ó sì ti hàn pé etí àwọn ará ìlú di, kí akéde tún jáde lónìí kí ó tún òfin náà kéde, pẹ̀lú àlàyé tí ó ṣe níhìn-ín. Kí ó sì fi kún un pé Àmúdà ọmọ Mùílì ti ṣẹ̀ sí i, ó sì ń jìyà rẹ̀, kí àwọn yòókù lè kọ́gbọ́n.

Akọ̀wé bi Mùílì bóyá ó yé e. Mùílì ní ó yé òun.

Ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò bá àwọn obìnrin padà sílé, wọn kò sì dúró dè é. Láti ilé kan sí èkejì ni ó ń lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó ń kéde pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré, pé kẹ̀kẹ́ náà ọkọ̀ ni, pé ohunkóhun tí ó bá ń gbé ènìyàn rìn ọkọ̀ ni. Bí ó bá dé ibi orúkọ, a sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí ó ń fo kòtò. Wọ́n ń dá a lóhùn pé wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò kí i kú iṣẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ní ilé mẹ́ta tí ó kọjú sí ilé-ẹjọ́, àwọn ọkùnrin ti ń kó òfì wọn jáde, òwú wọn ti fún láti ara òjò. Ọ̀kan nínú wọn gbé òkúta tí ó ń fa òwú sọ́wọ́, ó gbọ́ ìkéde náà dé òpin, ó sì bi í jẹ́jẹ́ pé:

"Ìgbà wo ni ẹ ti mọ̀, Bàbá?"

Mùílì ní kí wọ́n dá òun lóhùn, ilé pọ̀ níwájú. Wọ́n dáhùn.

Oòrùn ti ń lọ sí ẹ̀yìn àpáta nígbà tí ó dé àdúgbò rẹ̀. Akéde kì í fo ilé kankan. Ó dúró ní iwájú ilé ara rẹ̀. Àwáwù jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ lórí itan, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mọ́rìnọ́lá, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dúró sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀. Àsíátù jáde láti inú ilé pẹ̀lú àwo oúnjẹ tí ó fi aṣọ dì. Nígbà tí ó rí baba ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí ó ti tọ́, ó sì kí i kú ìrọ̀lẹ́. Ó dìde, ó sì gba ọ̀nà túbú lọ.

Mùílì lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kéde òfin. Ó kéde àlàyé rẹ̀. Ó dé ibi orúkọ, ibẹ̀ ni ohùn tí ó ti ń dé ìsàlẹ̀ ọjà láti ọdún méjìlélógún kò ti kọjá ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ ó sọ ọ́, Àmúdà ọmọ Mùílì, ó ń jìyà rẹ̀. Ó dúró de ìdáhùn.

Àwáwù ṣa ẹ̀wà kan, ó jù ú nù. Ó ṣa òmíràn. Kò gbé ojú sókè.

"Ọkọ̀ wo?" ni ó bèèrè.

Mùílì ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ Adéwùmí wà ní ẹnu rẹ̀, ó ti sọ ọ́ ní ilé tí ó lé ní ogójì. Ṣùgbọ́n níwájú obìnrin tí ó wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí Adéwùmí kọ́kọ́ sọ ọ́, kò jáde. Láti mọ́sálásí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Màgàríbì. Mọ́rìnọ́lá wọlé, ó rọra ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin kọjá pẹ̀lú kẹ́tùrù omi àlùwàlá lọ́wọ́, wọ́n sì yà fún un bí wọ́n ti ń yà fún igi tí ó wà lójú ọ̀nà.

Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, akéde kì í sì í kúrò níwájú ilé tí kò dáhùn. Ó gbé agogo sókè, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.